Ṣé òótọ́ ni pé kèké ni àwọn ará Áténì àtijọ́ fi ń yan aláṣẹ?

Àlàbí_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ń ka iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sí mi létí lánàá. Ó ní ìlú Áténì nílẹ̀ Gíríìsì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ìjọba tiwa-n-tiwa sílẹ̀. Mo ní ó dáa. Ó tún ní tíṣà àwọn sọ pé wọn kì í tẹ̀ka yan ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláṣẹ wọn, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́, ẹni tí kèké bá mú ni yóò ṣe iṣẹ́ ìlú lọ́dún náà. Mo ní tíṣà yín ti mu nǹkan. Ọmọ bínú, ó kó ìwé rẹ̀, ó wọlé lọ. Kí n tó mọ bí mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́, ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ò ṣe fọ́?

Olùkọ́_Ìtàn
Alàgbà, ẹ tètè lọ bẹ ọmọ yẹn. Tíṣà ò mu nǹkan kan.

(Gbogbo ọdún tí mo bá dárúkọ níbí, kí wọ́n tó bí Jésù ni. Iye tó bá tóbi ló ṣáájú.)

Ní nǹkan bí ọdún 508, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cleisthenes tún ìlú Áténì tò. Kó tó dìgbà náà, àwọn ìdílé ọlọ́lá mélòó kan ló ń fa ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń fa aṣọ. Ó pín gbogbo ọmọ ìlú sí ẹ̀yà 10, ó sì rí i dájú pé inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni a ti rí ará etíkun, ará ìgboro àti ará oko, kí agbègbè kan má baà dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó gbógun ti èkejì. Abúlé àti àdúgbò 139 ló wà lábẹ́ àwọn ẹ̀yà yìí. Lọ́dọọdún, èèyàn 50 á wá láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á jẹ́ 500. Àwọn ni ìgbìmọ̀ tó ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí àpèjọ gbogbo ìlú tó dá sí i. Kèké ni wọ́n wá fi ń mú wọn. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 30 kò lè wọ ìgbìmọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé rẹ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti alága. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣẹ́ kèké alága nínú ìgbìmọ̀ yẹn! Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kọ́kọ́rọ́ ibi tí owó ìlú wà àti èdìdì ìlú á wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Bí ọjọ́ bá ti wọ̀, ó parí. Kò tún ní ṣe é mọ́ láéláé.

Jẹ́jẹ́layé
Ọjọ́ kan péré! Ẹni tó bá fẹ́ kówó jẹ níbẹ̀ á mọ eré sá o 😂

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, bó bá jẹ́ pé dìndìnrìn ni kèké mú ńkọ́? Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí kì í lè ka ṣéńjì tí kọndọ́ bá fún un. Ṣé òun náà lè di balógun?

Olùkọ́_Ìtàn
Balógun kọ́. Wọn ò ya wèrè tó bẹ́ẹ̀. Balógun 10 ni wọ́n ń ní lọ́dún, ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè láti fi yàn wọ́n, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n lè máa yàn án títí. Bí Pericles ṣe di igi àràbà láàrin ìlú nìyẹn: ọdún 15 léraléra ló fi wà nípò balógun.

Àwọn iṣẹ́ ìlú yòókù ni kèké ń bójú tó. Kèké nìkan sì kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọ̀kan nínú àwọn olóyè mẹ́sàn-án tó ga jù, wọ́n á kọ́kọ́ mú un dúró: ta ni bàbá rẹ, ta ni ìyá rẹ, ibojì ìdílé yín níbo ló wà, ṣé ò ń tọ́jú àwọn òbí rẹ, ṣé o ti san ohun tó yẹ kí o san fún ìlú, ṣé o ti lọ sójú ogun? Bí ọdún bá parí, á wá ṣírò gbogbo owó tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí ìṣirò ò bá jẹ́ra, ilé ẹjọ́ ni.

Nílé ẹjọ́ náà, kèké ni. Èèyàn 6,000 ni wọ́n ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dún láti máa dájọ́. Wọ́n gbẹ́ òkúta ńlá kan tó ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìlà-ìlà. Oníkálukú á ki pátákó orúkọ rẹ̀ bọ ojú kan. Ọ̀pá oníhò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, wọ́n á da ọmọ-ayò funfun àti dúdú sínú rẹ̀. Bí funfun bá jáde, gbogbo ìlà tó kàn ti wọlé, wọ́n ń lọ dájọ́ nìyẹn. Bí dúdú bá jáde, ẹ máa lọ sílé yín. Àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ adájọ́ tó yẹ kó lọ fún ní rìbá lóru. Àfọ́kù òkúta náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Áténì títí dòní.

Ọmọ_Awo_Ọ̀ṣogbo
Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kèké rẹ́rìn-ín, ẹ tẹ́tí sí èdè yín. Kí là ń pè ní ìdìbò?

Bí babaláwo bá fẹ́ mọ èwo nínú ọ̀nà méjì ni Ifá fọwọ́ sí, ìbò ni yóò dì. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, egungun ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò á fi wọ́n pa mọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Ifá á mú ọ̀kan. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ti Ifá, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí kìn-ín-ní. Wọ́n fẹ́ fi ẹnì kan dí àyè Júdásì. Wọ́n dìbò, ìbò sì mú Màtíásì. Ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ka níbẹ̀ o. Nígbà tí ìwé àti àpótí dé la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orúkọ ìbò wọ̀ ọ́.

Bí ará Áténì kan bá jí dìde lónìí tó sì gbọ́ Yorùbá, tí ẹ bá ní ẹ ń lọ dìbò, ohun tí yóò rò kò ní jìnnà sí òkúta tí Olùkọ́ sọ yẹn.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá
Háà. Àádọ́ta ọdún lé ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò fi etí sí i rí. Ẹ ṣeun.

Olùkọ́_Ìtàn
Ẹ kú orí ire, ọmọ awo. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí a bá fi kèké yan aláṣẹ, ìṣe ìjọba tiwa-n-tiwa nìyẹn, bí a bá fi yíyàn yàn án, ìṣe ìjọba àwọn ọlọ́lá díẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ẹni tí gbogbo ìlú mọ orúkọ rẹ̀, tó lówó, tó lẹ́nu, òun ni wọ́n máa yàn. Kèké ò mọ ọlọ́rọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dùn mọ́ yín jù. Ẹ ti ń sọ "gbogbo ìlú, gbogbo ìlú" láti àárọ̀. Obìnrin mélòó ló wà nínú gbogbo ìlú yẹn? Òdo. Ìyá tó bí àwọn 500 yẹn ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwọn ẹrú ńkọ́? Àwọn àlejò tó ti gbé ibẹ̀ láti ìran bàbá wọn ńkọ́? Èmi tí mo ti ń san owó orí nílùú onílùú láti ọdún yìí wá, ọ̀rọ̀ àwọn yẹn yé mi gan-an.

Olùkọ́_Ìtàn
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Àwọn ọkùnrin tó tó bíi 30,000 ló lẹ́tọ̀ọ́, àwọn tó kù ló pọ̀ jù. Àwọn ẹrú ló sì ń ru ẹrù náà. Kódà, àwọn tó ń ṣe bí ọlọ́pàá níbi àpèjọ, àwọn tafàtafà láti Scythia, ẹrú ìlú ni wọ́n. Ẹrú ló ń wọ inú ihò lábẹ́ ilẹ̀ ní Laurion láti wa fàdákà tí wọ́n fi ń ná gbogbo fáàrí wọn. Nígbà tí àwọn ará Sparta, ìlú Gíríìkì tó ń bá Áténì jagun, wá kọ́ odi ogun sí Decelea, lẹ́nu ọ̀nà Áténì, ní ọdún 413, Thucydides, òpìtàn ará Áténì, kọ ọ́ pé ẹrú tó sá lọ bá wọn ju 20,000 lọ. Ẹ fojú inú wò ó.

Àgbẹ̀dẹ_Ọ̀rọ̀
Nítorí a dárúkọ ẹrú: ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ní ohun tó fara jọ ìwọ̀fà? Ẹni tó bá jẹ gbèsè, ara rẹ̀ ni wọ́n ń gbà dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà tiwa, bó ti wù kó pẹ́, ó ní ilé tó ń padà sí, olówó rẹ̀ ò sì lè tà á. Tiwọn, wọ́n ń tà á lọ sókè òkun ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ogun láàrin ìlú, Solon, aṣòfin Áténì, fagi lé gbogbo irú gbèsè bẹ́ẹ̀ ní ọdún 594, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ara ọmọ Áténì dúró fún owó mọ́. Ó tilẹ̀ ní òun mú àwọn kan padà wálé tí wọn ò gbọ́ èdè ìlú wọn mọ́.

Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e ni kí wọ́n máa ra ẹrú láti ìta. Òmìnira ẹnì kan, ẹrù ẹlòmíràn.

Adúláwọ̀_Tòótọ́
Ẹ ò tíì sọ òótọ́ tó wà nídìí ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n ti jí gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Olùkọ́_Ìtàn
Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn yín, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Ọwọ́ àwọn ará Fòníṣíà ni wọ́n ti gba álífábẹ́ẹ̀tì wọn. Àwọn ère òkúta wọn àkọ́kọ́, tí ọkùnrin dúró ṣánṣán tó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, ẹ wo ti Íjíbítì, ẹ máa rí ẹ̀gbọ́n wọn níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Gíríìkì ní ìlú tiwọn ní Íjíbítì gan-an, Naucratis. Herodotus, ọmọ Gíríìkì fúnra rẹ̀, kọ ọ́ pé láti Íjíbítì ni orúkọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn òrìṣà wọn ti wá. Kò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n Fáráò kì í ṣẹ́ kèké fún ìgbìmọ̀ 500 o. Tí ẹ bá ní ẹ̀rí rẹ̀, ẹ gbé e wá, màá kà á tayọ̀tayọ̀.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá
Ọmọ náà ti dárí jì mí, ó ti jókòó tì mí báyìí, òun ló ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ó ní kí n béèrè: bí ẹnì kan bá ti lágbára jù, tí kò sì tíì ṣẹ̀ sí òfin, kí ni wọ́n ń ṣe fún un?

Jẹ́jẹ́layé
Èyí tí mo mọ̀ dé! Àpáàdì!

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á bi àpèjọ bóyá ẹnì kan wà tó yẹ kó fi ìlú sílẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó wà, wọ́n á dá ọjọ́. Lọ́jọ́ náà, oníkálukú á mú àfọ́kù ìkòkò, á ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sí i lára, á sọ ọ́ síbẹ̀. Bí àpáàdì bá pé 6,000, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá pọ̀ jù á di ẹrù rẹ̀, ọdún 10 gbáko. Ẹnikẹ́ni ò gba ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gba oko rẹ̀, ó kàn máa lọ ni.

Ìtàn Aristides ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn ní Olódodo. Lọ́jọ́ àpáàdì, ará oko kan tí kò mọ̀ ọ́n kọ na àpáàdì sí i, kò mọ̀ pé òun ni, ó ní "bá mi kọ Aristides sí i." Bàbá bi í pé kí ni Aristides fi ṣe é. Ó ní kò ṣe mí ní nǹkan kan, n kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, Olódodo, Olódodo tí mò ń gbọ́ níbi gbogbo ló sú mi! Aristides gba àpáàdì, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó dá a padà fún un. Ó sì lọ lóòótọ́, ọdún 482.

Ọmọ_Awo_Ọ̀ṣogbo
Àpáàdì ló tó kojú iná 😄

Olùkọ́_Ìtàn
Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì, ló kọ ìtàn yẹn, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà kó tó kọ ọ́, nítorí náà ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ jẹ ẹ́. Àpáàdì ní tirẹ̀, a rí i. Ó ju 10,000 lọ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú jáde. Nínú kànga kan lẹ́bàá òkè Acropolis, wọ́n bá 190 tó jẹ́ orúkọ Themistocles ni wọ́n kọ sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò, ọwọ́ èèyàn 14 péré ni. Àwọn kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè pín in fún àwọn tó ń bọ̀.

Jẹ́jẹ́layé
Ẹ fẹ́ sọ fún mi pé wọ́n ti ki ìbò bọ àpótí láti ìgbà yẹn??? Ó tán. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí.

Àgbẹ̀dẹ_Ọ̀rọ̀
Themistocles yẹn náà ló gbà wọ́n lọ́wọ́ Páṣíà o. Nígbà tí fàdákà Laurion pọ̀ yanturu, wọ́n fẹ́ pín in fún ara wọn, òun ló ní kí wọ́n fi kan ọkọ̀ ogun. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣẹ́gun ní Salamis ní 480. Atukọ̀ 170 ló ń fa àjẹ̀ nínú ọkọ̀ kan, mẹ̀kúnnù ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tí kò lówó ra asà àti ìhámọ́ra. Ní tèmi, ibi tí ẹnu tálákà ti gbó ní Áténì nìyẹn. Ẹni tó fa ọkọ̀ tó gba ìlú là, ta ló máa ní kó dákẹ́? Wọ́n sì lé Themistocles lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Páṣíà tó bá jagun ló kú sí.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Mo fẹ́ padà sórí ọ̀rọ̀ àlejò, torí mo lọ kà á, kò jẹ́ kí n sùn.

Pericles tí Olùkọ́ ń pè ní igi àràbà yẹn, òun ló gbé òfin kan wá ní 451: ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kò bá jẹ́ ọmọ Áténì méjèèjì, kì í ṣe ọmọ ìlú. Ìlú dún fún un. Kò pẹ́ tó fi lọ fẹ́ràn Aspasia, obìnrin ará Miletus, àlejò. Ó bí ọmọkùnrin fún un. Òfin bàbá ọmọ ti sọ ọmọ di àjòjì! Àjàkálẹ̀ àrùn wá dé sí Áténì nígbà ogun Sparta, ó pa àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì tí ìyàwó onílé bí. Bàbá wá lọ bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀kan yòókù yìí fún òun, kí orúkọ ìdílé òun má parẹ́. Wọ́n ṣàánú rẹ̀. Àrùn kan náà ló pa òun fúnra rẹ̀ ní 429. Ọmọ yẹn, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, Pericles.

Olùkọ́, ẹ sọ ohun tó gbẹ̀yìn ọmọ náà fún wọn. Èmi ò lè sọ ọ́.

Olùkọ́_Ìtàn
Ẹ ti gbé mi dé ibi tí mò ń sá fún, mà.

Ọmọ náà dàgbà, ó di balógun. Ní 406, wọ́n bá àwọn ará Sparta jà lórí omi ní Arginusae, Áténì borí. Ṣùgbọ́n ìjì jà lẹ́yìn ogun, wọn ò rí àwọn tí ọkọ̀ wọn rì kó jáde, wọn ò sì rí òkú gbé wálé sin. Àwọn mọ̀lẹ́bí dáṣọ dúdú wọ̀, ìlú gbóná. Balógun mẹ́jọ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Àwọn méjì ti gbọ́n, wọn ò padà wálé. Àwọn mẹ́fà dé, Pericles kékeré wà nínú wọn. Òfin ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ oníkálukú lọ́tọ̀, ẹnì kan tó ń jẹ́ Callixenus ní rárá, kí wọ́n dá a fún gbogbo wọn papọ̀. Nígbà tí àwọn kan sọ pé kò bófin mu, àwọn èrò pariwo pé ohun tó wu ará ìlú ni kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú ṣe.

Ẹ rántí alága ọjọ́ kan? Xenophon, òpìtàn ará Áténì, kọ ọ́ pé lọ́jọ́ yẹn, Socrates ni kèké mú. Bàbá agbẹ́kùúta tó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè lọ́jà, tí kì í wá ipò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rù èrò, wọ́n gbà. Òun ní òun ò ní ṣe ohun tí òfin ò sọ. Wọ́n kọjá lórí rẹ̀. Wọ́n pa àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi kábàámọ̀. Callixenus sá, nígbà tó padà dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i sójú, ebi ló pa á. Socrates náà, ní 399, àwọn adájọ́ tí kèké yàn, bíi 500, ni wọ́n ní kó lọ mu májèlé.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá
Ilé dákẹ́ níbí o. Ọmọ ní kèké tó mú Socrates lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló mú àwọn tó pa á. N kò mọ èsì tí mo máa fún un.

Àgbẹ̀dẹ_Ọ̀rọ̀
Ẹ má fún un ní èsì kankan, ẹ jẹ́ kó máa rò ó. Mo kàn fẹ́ kó mọ̀ pé lẹ́yìn tí ọgbọ̀n ọkùnrin tí Sparta gbé lé wọn lórí ti pa wọ́n nípakúpa ní 404, wọ́n gba ìlú wọn padà lọ́dún kejì, wọ́n sì búra pé àwọn ò ní rántí ibi tí ẹnikẹ́ni ṣe. Kèké náà ni wọ́n padà sí. Ó sì ń bá a lọ títí di 322 kí agbára Masẹdóníà tó dá a dúró.

Àlàbí_Mọ́kọ́lá
Ìbéèrè ìkẹyìn lálẹ́ yìí, ó ti yẹ kó lọ sùn: Sparta ńkọ́, báwo ni àwọn ṣe ń yan tiwọn?

Olùkọ́_Ìtàn
Ọba méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti ìgbìmọ̀ àgbà 28 tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ kó tó pé 60 ọdún. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ á máa kọjá níwájú àpèjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò á máa hó. Wọ́n á ti ti àwọn kan mọ́ inú ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọn ò ní rí ẹni tó ń kọjá, etí ni wọ́n á fi gbọ́. Ẹni tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé. Aristotle ní ìwà ọmọdé ni.

Jẹ́jẹ́layé
Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá ti ní ìyàwó méjì àti àna tó mọ̀ ọ́n pariwo ti wọlé nìyẹn!

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Jẹ́jẹ́layé, wọn ò jẹ́ kí ìyàwó dé ibẹ̀ náà.